Ìdí tí Àwọn Ènìyàn fi ń Pín Fíìmù àti Orin Aláìgbàṣẹ Lórí Ẹ̀rọ Ayélujára: Àyẹ̀wò Ìhùwàsí Òǹwòran àti Òǹgbọ́ Yorùbá

Ìfáárà

Kò sí olùkọ́ èdè Yorùbá ní òde òní tí kò mọ bí fíìmù ṣe ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn. Fíìmù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé sinimá lè ti wà lórí Telegram kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kọjá. Orin tí olórin ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde lè ti wọ gúrúùpù WhatsApp ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Dátà tirẹ̀ gan-an ni ó ná sí i. Kókó yìí ni ó ya pínpín lórí ẹ̀rọ ayélujára sọ́tọ̀ kúrò lára òwò àdàkọ aláìgbàṣẹ tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ tà ń wá èrè; ìdí tí ó fi ń ṣe é hàn sí gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí kò ní í gba nǹkan kan ń wá kiri?

Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé ìwà ìbàjẹ́ ni, pé ayé ti bàjẹ́, pé àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Ìdáhùn yìí kò tó. Kò ṣàlàyé ìdí tí ìyá ìjọ kan tí kò jẹ́ mú ẹ̀fọ́ ẹlẹ́fọ̀ọ́ fi lè fi fíìmù odindi ránṣẹ́ sí ogójì ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, tí ọkàn rẹ̀ kò sì dá a lẹ́bi rárá. Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yìí lógún ni láti ṣàlàyé ọkàn tí kò dáni lẹ́bi yẹn. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé orírun ìhùwàsí náà wà nínú ọ̀nà tí àwọn Yorùbá ti ń gbà sanwó fún iṣẹ́ ọnà tipẹ́, nínú ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọnà fúnra wọn kọ́ àwọn òǹgbọ́, nínú àìrí iṣẹ́ náà rà, àti nínú ojú tí àwùjọ fi ń wo ẹni tí ó lawọ́. Ṣíṣe àlàyé kì í ṣe ìdáláre. Ìpàdánù wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ibi tí ó sì dé yóò hàn síwájú.

Ẹni mẹ́ta nínú orúkọ kan

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, "páírétì" ni orúkọ tí wọ́n máa ń pe gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan iṣẹ́ tí kò gbàṣẹ. Orúkọ kan ṣoṣo yìí ni ó ń da àlàyé rú, nítorí pé ó kéré tán, ẹni mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹni tí ó tú iṣẹ́ síta. Ó lè jẹ́ ẹnìkan ní ibi tí wọ́n ti ń to fíìmù pọ̀ tí ó yọ́ ẹ̀dà kan fà. Ó sì lè jẹ́ òǹwòran tí ó gbé fóònù sókè nínú òkùnkùn ilé sinimá, tí ó ká gbogbo ohun tí ó ń lọ lójú agbo sínú rẹ̀, àti ẹ̀rín àti ikọ́ àwọn tí ó jókòó tì í. Èkejì ni oníṣòwò: ẹni tí ó ní ìkànnì tí ìpolówó ọjà kún bámúbámú, tàbí ọmọkùnrin ìdí kọ̀ǹpútà tí ó ń kó orin sínú mẹ́mọ́rì káàdì fún ẹni tí ó bá sanwó. Ẹ̀kẹta ni olùpín, ẹni tí ó rí i gbà tí ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Òun ni ó pọ̀ jù, òun náà sì ni àwọn agbófinró kì í sábà rí mú. Bí kò bá sí i, iṣẹ́ àwọn méjì àkọ́kọ́ kò ní í rìn jìnnà.

Ọdún 1999 ni olùpín yìí di alágbára lágbàáyé, nígbà tí Shawn Fanning àti Sean Parker gbé Napster jáde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ Napster ni láti so kọ̀ǹpútà ẹnìkan mọ́ ti ẹlòmíràn, kí orin tí ó wà nínú èyí lè kọjá sínú ìyẹn láì gba ọjà kankan kọjá. Ilé ẹjọ́ tì í pa ní ọdún 2001, ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà yẹn ni Bram Cohen gbé BitTorrent jáde, èyí tí kò ní ojúkò kan tí ilé ẹjọ́ lè tì. Láti ìgbà náà ni títì ìkànnì kan pa kò ti jẹ́ òpin ọ̀rọ̀ mọ́. WhatsApp àti Telegram tí àwọn ará ilé ń lò lónìí kò ṣiṣẹ́ bí àwọn ìyẹn gẹ́lẹ́, àmọ́ àbájáde rẹ̀ jọra: ẹni tí ó gbà ni ó tún di ẹni tí ó ń fúnni.

Láti orí róòlù fíìmù dé orí fóònù

Ìgbà kan wà tí ó ṣòro láti jí fíìmù Yorùbá. Nígbà tí Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún ní ọdún 1976, tí Adé Fọláyan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Adé Love kópa nínú rẹ̀, àti nígbà tí Hubert Ògúndé gbé Ayé jáde ní ọdún 1979, orí sẹ́lúlọ́ìdì ni wọ́n ya àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí sí. Ẹ̀dà wọn kò pọ̀, owó ńlá sì ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí wọ́n ni ín ni wọ́n ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú bí wọ́n ti ń gbé eré orí ìtàgé kiri tẹ́lẹ̀. Inú gbọ̀ngàn ìlú àti gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń fi í hàn, owó ẹnu ọ̀nà sì ni èrè wọn. Ibi tí fíìmù bá wà ni olówó rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó gbọ́dọ̀ gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Fídíò ni ó já okùn yẹn. Kenneth Nnebue, oníṣòwò tí ó ń ta ẹ̀rọ àti kásẹ́ẹ̀tì òfìfo, gbé Àjẹ́ Ni Ìyá Mi jáde ní èdè Yorùbá ní ọdún 1989, ọdún mẹ́ta ṣáájú Living in Bondage tí wọ́n máa ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ Nollywood. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíyèsí ibi tí fíìmù àgbéléwò ti bẹ̀rẹ̀: ọwọ́ àwọn tí ń ta kásẹ́ẹ̀tì ni, nínú ọjà tí àdàkọ aláìgbàṣẹ ti jẹ́ ohun àmúṣorò tẹ́lẹ̀. Brian Larkin (2004) ti ṣàlàyé irú ọ̀rọ̀ báyìí nípa ìlú Kánò. Ó fi hàn pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín fíìmù ilẹ̀ Íńdíà àti ti Amẹ́ríkà tí wọ́n jí dàkọ ni fíìmù Haúsá gbà di ohun tí ó kárí. Ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ púpọ̀ ní Ìdúmọ̀tà àti Alábà. Ọjà tí ó ń pa àwọn oníṣẹ́ lára ni ó tún gbé iṣẹ́ wọn dé àwọn ìlú tí wọn kò lè fi ẹsẹ̀ ara wọn dé.

Nígbà tí àwo fídíò kékeré gba ipò kásẹ́ẹ̀tì, ẹ̀dà kejì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ bí ti àkọ́kọ́. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dà kọ nígbà mẹ́ta máa ń ṣú, ohùn rẹ̀ a sì máa gbọ̀n. Ìyẹn nìkan jẹ́ ìdíwọ́ díẹ̀. Fóònù mú ìdíwọ́ yẹn kúrò pátápátá. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, gbé October 1 jáde ní ọdún 2014, ṣùgbọ́n ní ọdún 2015 ayédèrú rẹ̀ ti gba ìgboro, òun fúnra rẹ̀ sì kígbe síta. Bàbá lè jókòó ti róòlù fíìmù rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ọmọ kò ní ẹnu ọ̀nà kankan láti jókòó sí.

Owó ojúkojú

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àṣà. Nínú ewì alohùn àti eré ìbílẹ̀ Yorùbá, ìgbà tí oníṣẹ́ bá wà níwájú ẹni ni ènìyàn ń sanwó fún un. Bí eégún alárìnjó bá ń ṣeré, agbo ni wọn yóò ṣe, ẹni tí ó bá ń kọjá lọ lè dúró wòran láì san kọ́bọ̀. Olówó, ọlọ́jà àti ìjòyè ni yóò ta wọ́n lọ́rẹ. Onílù tí ó bá ki ènìyàn ní oríkì dáadáa yóò rí owó lẹ̀ mọ́ iwájú orí, ẹni tí kò bá sì ní owó lọ́wọ́ yóò jó títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́, kò sí ẹni tí yóò pè é ní olè. Owó náà kì í ṣe iye ọjà. Ìdáhùn sí orúkọ tí wọ́n pe ènìyàn ni, iyì ẹni tí ó ná an sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Títí di òní, òde ìnáwó ni èrè olórin jùjú àti olórin fújì ti ń wá jù.

Nígbà tí wọ́n bá gba ohùn olórin kan náà sílẹ̀, tí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ, iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò sí. Kò pe orúkọ òǹgbọ́, kò sì rí i. Ohun tí ó ń fa owó jáde lápò ti kúrò nínú rẹ̀. Bóyá èyí ni ó fà á tí ẹni kan náà tí ó ná ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà fún olórin ní òde ìsìnkú ní ọjọ́ Àbámẹ́ta fi ń wá orin olórin yẹn kan náà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Ahun kọ́ ni. Ní tirẹ̀, ó ti sanwó.

Àwọn kan máa ń ti ibí yìí fò sí ìparí èrò pé Yorùbá kò mọ̀ pé ìmọ̀ tàbí ọgbọ́n ìṣẹ̀dá lè ní ẹni tí ó ni ín, pé ti gbogbo ìlú ni àlọ́ àti orin. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ awo kò ní í gba odù àti ẹsẹ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá láì fi ọ̀pọ̀ ọdún sìn ín. Oníṣègùn kò ní í júwe ewé láì gba nǹkan, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, nítorí ìgbàgbọ́ wà pé oògùn ọ̀fẹ́ kì í jẹ́. Oníjàálá a máa júbà ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó lanu, Babalọlá (1966) sì ti fi yé ni pé àwọn oníjàálá a máa takò ara wọn lójú agbo bí ẹnìkan bá ṣi ìjálá sun. Ìbà jẹ́ ọ̀nà láti sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ wà nínú àṣà, ṣùgbọ́n ara ènìyàn ni wọ́n so ó mọ́, wọn kò so ó mọ́ ẹ̀dà. Òfin ọdún 1988 tí ó dá ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ sílẹ̀ ní ọ̀nà tuntun ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀dà. Ọ̀nà méjì yìí kò tíì pàdé dáadáa lọ́kàn òǹgbọ́, kò sì sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó jókòó fi wọ́n wéra fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀fẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ fi kọ́ wọn

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 sí òkè, àwọn olórin ìgbàlódé kò rí ilé iṣẹ́ àwo-orin ńlá tí yóò gbé wọn. Wọ́n gba Alábà lọ. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ń to orin olórin oríṣiríṣi pọ̀ sórí àwo kan ṣoṣo, wọ́n sì ń tà á lówó pọ́ọ́kú láì fún olórin ní nǹkan. Ohun ìyanu ni pé àwọn olórin mìíràn ni ó ń sanwó kí orin wọn lè wà lórí àwo náà. Nígbà tí ìkànnì orin bíi notJustOk dé ní ọdún 2006, ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀: olórin ń bẹ àwọn oníkànnì, ó sì ń sanwó fún òmíràn nínú wọn, kí wọ́n gbé orin rẹ̀ síta kí gbogbo ènìyàn lè gbà á sórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Òye wà nínú ohun tí wọ́n ṣe. Orin tí ó bá tàn kálẹ̀ ni yóò mú kí wọ́n pe olórin sí òde, òde sì ni owó wà.

Ṣùgbọ́n òǹgbọ́ kò mọ ìṣirò yẹn. Ohun tí ó kọ́ ní ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé fífi orin ránṣẹ́ jẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún olórin, kò sì ṣìnà lórí ọ̀rọ̀ orin. Àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó gbé ìwà kan náà lọ sórí fíìmù. Òṣèré lè rí òde pè é sí, tàbí kí ó polówó ọjà. Ẹni tí ó náwó ṣe fíìmù kò ní òde tí wọ́n lè pe fíìmù rẹ̀ sí. Wíwò ni gbogbo èrè rẹ̀ wà, bí wíwò bá sì ti di ọ̀fẹ́, kò sí ibòmíràn tí owó lè gbà wọlé. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìwàásù lórí olè jíjà lọ, síbẹ̀ àwọn ìpolongo tí ìjọba àti ẹgbẹ́ òṣèré ti ṣe kì í sábà mẹ́nu bà á.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà tún fi kún un. Wáàsí àwọn àáfà àti ìwàásù àwọn pásítọ̀ wà lára ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ jù. Olùwàásù fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ní ìparí pé kí wọ́n pín in fún ẹlòmíràn kí wọ́n lè gba láádá. Àtẹ̀jíṣẹ́ òwúrọ̀, àdúrà ọjọ́ Jímọ̀, orin ẹ̀mí, fíìmù tí ó ní ẹ̀kọ́: ọwọ́ kan náà, bọ́tìnnì kan náà. Ìyá ìjọ tí ìfáárà mẹ́nu bà kò rò pé òun ń jalè. Bóyá ó rò pé fíìmù náà yóò tún ilé ẹnìkan ṣe ni.

Àìrí rà

Ọ̀rọ̀ owó ni àwọn olùpín fúnra wọn máa ń kọ́kọ́ sọ, òtítọ́ sì wà níbẹ̀. Ìwádìí tí Joe Karaganis (2011) ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó kó Bùràsíìlì, Rọ́ṣíà, Gúúsù Áfíríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn pọ̀, fi hàn pé bí ènìyàn bá fi owó tí ń wọlé fún ará ìlú díwọ̀n rẹ̀, iye tí wọ́n ń ta àwo orin àti fíìmù ní Bùràsíìlì, Rọ́ṣíà àti Gúúsù Áfíríkà jẹ́ ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́wàá ti Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Yúróòpù. Orí owó ọjà ni ìwádìí náà gbé ẹ̀bi púpọ̀ lé, kò gbé e lé ìwà. Nàìjíríà kò sí lára àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kan ilé.

Síbẹ̀ owó nìkan kọ́. Netflix dé Nàìjíríà ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2016. Aníkúlápó dé orí rẹ̀ ní ọdún 2022, Jagun Jagun tẹ̀ lé e ní ọdún 2023. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo fíìmù Yorùbá méjì yìí ní ọ̀nà tí ó bófin mu gbọ́dọ̀ ní káàdì ilé ìfowópamọ́ tàbí irú ọ̀nà ìsanwó mìíràn, kí ó san owó oṣooṣù, kí ó sì ní dátà tí ó tó. Bàbá àgbà ní ìlú kékeré tí ó jẹ́ pé fún irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ìjìnlẹ̀ èdè bẹ́ẹ̀ ṣe fíìmù kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́ta yìí. Ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yóò bá a gbà á wá. Bí wọ́n bá sọ fún ọmọ yẹn pé olè ni, yóò wò wọ́n bí ẹni tí kò ní bàbá.

Àwọn Yorùbá tí ó wà lẹ́yìn odi náà ní ìṣòro tiwọn. Nígbà kan, ṣọ́ọ̀bù ní Peckham ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń ra kásẹ́ẹ̀tì àti àwo fíìmù Yorùbá. Nígbà tí fíìmù kó lọ sórí ẹ̀rọ ayélujára, irú ọjà bẹ́ẹ̀ ń tán lọ, ẹ̀rọ sì lè sọ fún ènìyàn pé iṣẹ́ tí ó ń wá kò sí ní orílẹ̀-èdè tí ó wà. Ó ní owó lọ́wọ́, ó fẹ́ san án, wọn kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn ni yóò fi í ránṣẹ́ sí i.

Ìtànkálẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iyì

Ohun kan ṣì kù tí àlàyé owó kò lè gbé. Kí ni ó dé tí ẹni tí ó ti wò ó tán tún fi ń pín in? Marcel Mauss (1925) ti ṣàlàyé nípa ẹ̀bùn pé kò sí èyí tí kò ní okùn nínú: ẹni tí ó fúnni ń so ara rẹ̀ mọ́ ẹni tí ó gbà. Ní àwùjọ Yorùbá, ẹni tí ó bá rí nǹkan dáadáa tí ó dá a jẹ kò ní orúkọ rere. Ahun ni ìjàpá inú àlọ́, ìtìjú ni ó sì sábà máa ń bá a nílé. Nínú gúrúùpù WhatsApp, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mú fíìmù tuntun wá ni wọn yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò kì í, wọn yóò fi àwòrán ọwọ́ tí ń pàtẹ́wọ́ ránṣẹ́ sí i. Ó ti di ẹni ńlá fún ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá sọ níbẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́, iṣẹ́ oníṣẹ́ ni," òun ni ó máa dà bí ẹni tí ó ba àríyá jẹ́. Ìwà ọmọlúàbí méjì ni ó forí gbárí níbẹ̀: ìlawọ́ sí ẹni tí ó wà nítòsí àti òdodo sí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó wà nítòsí ni ó sábà máa ń jàre.

Ta ni ó ń jìyà rẹ̀?

Àríyànjiyàn ti wà láàárín àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé lórí bóyá pínpín ń dín ọjà kù. Oberholzer-Gee àti Strumpf (2007) yẹ ọjà orin wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì sọ pé ipa tí pínpín ní lórí àwo tí wọ́n tà kò ṣeé yà sọ́tọ̀ sí òfo. Stan Liebowitz takò wọ́n gidigidi. Bí ó ti wù kí ó rí, kò tọ̀nà láti gbé èsì ilé iṣẹ́ orin Amẹ́ríkà lé fíìmù Yorùbá lórí. Ilé iṣẹ́ ńlá tí iṣẹ́ kan bá fọ́ mọ́ lọ́wọ́ ní ẹgbẹ̀rún iṣẹ́ mìíràn tí yóò fi gbéra. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe fíìmù Yorùbá ń fi owó tí wọ́n yá ṣe é, owó iṣẹ́ yìí ni wọn yóò sì fi bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọjà wọn. Bí ayédèrú bá jáde ní ọ̀sẹ̀ náà, gbèsè ni yóò kù.

Ìpàdánù kejì kò hàn lójú bẹ́ẹ̀, àwọn olùkọ́ èdè ni ó sì yẹ kí ó dùn jù. Fíìmù tí ó ń ná ni lówó láti kọ́ ìlú àtijọ́, láti wá ẹni tí ó gbọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá, láti lọ bá onímọ̀ rárà àti ẹ̀sà pípè, ni ó kọ́kọ́ máa ń kú. Èyí tí wọ́n lè yà láàárín ọjọ́ mẹ́rin nínú ilé kan, tí èdè rẹ̀ jẹ́ àdàlù, ni ó lè yè nínú ọjà tí owó rẹ̀ kéré. Lóòótọ́, àwọn òṣèré púpọ̀ ti ṣí ìkànnì tiwọn lórí YouTube báyìí, wọ́n ń fi iṣẹ́ wọn hàn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń gba owó ìpolówó ọjà. Ó jẹ́ ọ̀nà ọlọgbọ́n, nítorí ó gba ìwà òǹwòran bí ó ti wà. Àmọ́ bí ẹnìkan bá gba fíìmù náà kúrò lórí ìkànnì oníṣẹ́, tí ó fi í ránṣẹ́ bí fáìlì, owó ìpolówó yẹn kò ní í dé ọwọ́ oníṣẹ́. Fífi ìlujá ìkànnì ránṣẹ́ dípò fáìlì ni gbogbo ìyàtọ̀, ọ̀pọ̀ olùpín kò sì mọ̀ ọ́n.

Ní ti ìjọba, àjọ tí ó ń mójú tó ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní STRAP ní ọdún 2005. Wọ́n kọ lu ọjà, wọ́n sì jó ayédèrú ẹ̀dà. Òfin tuntun, èyí tí wọ́n ń pè ní òfin ọdún 2022, gba ìbuwọ́lù ààrẹ ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023, ó sì fún oníṣẹ́ ní ọ̀nà láti ní kí wọ́n yọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lórí ìkànnì. Ohun dáadáa ni. Ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni kejì nínú àwọn mẹ́ta òkè yẹn ni ó lè bá wí. Kò sí òfin tí ó lè wọ inú gúrúùpù ìdílé.

Olùkọ́ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́

Olùkọ́ kò sí lẹ́yìn òde ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ti ń lo Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní ọdún 1999 àti Ó Le Kú ti ọdún 1997 tipẹ́, ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ wọn kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n rà ní gbogbo ìgbà. Òfin kò pa ojú dé sí èyí. Òfin ọdún 1988 fi àyè sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí láti lo iṣẹ́ oníṣẹ́ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú àdéhùn pé bí wọ́n bá dà á kọ, kí wọ́n pa ẹ̀dà náà run láàárín oṣù méjìlá bí kò bá sí gbèdéke mìíràn. Òfin ọdún 2022 tí ó rọ́pò rẹ̀ gba lílò tí ó tọ́ láyè fún ìwádìí tí kì í ṣe ti òwò àti fún lámèyítọ́. Nítorí náà, fífi apá kan fíìmù han kíláàsì láti yẹ ìlò òwe wò jẹ́ ohun kan. Fífi odindi rẹ̀ ránṣẹ́ sí gúrúùpù ọgọ́rùn-ún mẹ́ta akẹ́kọ̀ọ́, tí àwọn náà yóò fi í ránṣẹ́ sílé, jẹ́ ohun mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́ àlàyé ìyàtọ̀ náà lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀. Ohun tí ó rí i tí olùkọ́ ń ṣe ni ó kọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà kò ti rọrùn fún olùkọ́ olóòótọ́ ni ti àwọn iṣẹ́ àtijọ́. Púpọ̀ nínú fíìmù sẹ́lúlọ́ìdì ìgbà alárìnjó àti eré orí kásẹ́ẹ̀tì tí ó tẹ̀ lé wọn ni kò sí ní ọjà kankan mọ́. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n ṣe wọ́n ti kú, róòlù a máa bàjẹ́, téèpù a sì máa hu. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ Yorùbá lórí ìtàgé ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn lè rí i pé ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ó ṣì ń sọ̀rọ̀ ni èyí tí ẹnìkan tí kò gbàṣẹ dà kọ láti orí tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ̀, tí ó sì gbé sórí ẹ̀rọ ayélujára, àwòrán rẹ̀ ṣú, ìlà ń kọjá lójú rẹ̀ lóòrèkóòrè, ohùn àwọn tí wọ́n ṣeré náà sì ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀.